Ṣé inú ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ni èéfín aláwọ̀ yẹn ti ń jáde ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kó àwọn ọmọ lọ wo Red Arrows, àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi bàálù dárà, létí òkun ní Eastbourne, bí wọ́n ṣe ń tú èéfín funfun, pupa àti búlúù báyìí ni àkọ́bí mi ń bi mí pé irú epo wo ni wọ́n ń bù sẹ́ńjìnnì wọn, mi ò rí nǹkan kan sọ. Ó tún rí fídíò Phantom, bàálù ogun àwọn Amẹ́ríkà, ti ìgbà ogun Vietnam, èéfín dúdú ń rú lẹ́yìn ẹ̀, ó ní ṣé ó fẹ́ jóná ni. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ọmọ yẹn ń ronú gan-an. Ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ni mo ń tún ṣe jẹun, ẹ bá mi sọ fún un pé èéfín aláwọ̀ yẹn ò ti ibi tí epo ti ń jó wá rárá. Epo bàálù lásán ni Hawk tí Red Arrows ń fò ń jó. Táńkì míì ni wọ́n so mọ́ ọn níkùn, dísù ló wà nínú ẹ̀, aró pupa àti aró búlúù sì wà lọ́tọ̀. Tí páílọ́ọ̀tì bá ti tẹ bọ́tìnnì, páìpù tíntìntín á fọ́n dísù yẹn sínú atẹ́gùn gbígbóná tó ń tú jáde nídìí ẹ́ńjìnnì, dísù á di ooru lójú ẹsẹ̀, àmọ́ bó ṣe ń pàdé atẹ́gùn tútù níta ló ń padà di ẹ̀kán epo kéékèèké, òun lẹ̀ ń rí bí èéfín yẹn. Dísù nìkan, funfun ni, tí wọ́n bá po aró mọ́ ọn ó di pupa àbí búlúù. Ẹ̀yìn iná ni wọ́n ti ń fọ́n ọn o, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí tí wọ́n bá da aró síbi tí iná ti ń jó, iná á jẹ ẹ́ tán, kò ní sí àwọ̀ kankan. Funfun ìṣẹ́jú 5 ni bàálù kan ń gbé, pupa ìṣẹ́jú 1, búlúù ìṣẹ́jú 1, ìdí nìyẹn tí funfun fi máa ń pọ̀ jù. Báyìí náà ni àwọn Frecce Tricolori, ẹgbẹ́ tó ń fi bàálù dárà ní Ítálì, ṣe ń ṣe àwọ̀ ewé, funfun àti pupa tiwọn.

Ti Phantom yàtọ̀, ìyẹn ti inú ẹ́ńjìnnì wá lóòótọ́, kì í ṣe pé ó ń jóná. J79 ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀, níbi tí epo ti ń jó nínú ẹ̀, epo máa ń pọ̀ ju atẹ́gùn lọ láwọn ibì kan, èyí tí ò jó tán ló ń bá ìdí jáde, nǹkan dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tá a bá fi igi dáná náà ni. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún lágbára dáadáa, àmọ́ ọ̀tá lè rí èéfín yẹn lókèèrè kó tó rí bàálù fúnra ẹ̀, ìyẹn sì léwu púpọ̀ lójú ogun. Àwọn páílọ́ọ̀tì wá máa ń tan afterburner, ìyẹn iná kejì tó wà nídìí, kó lè jó dúdú yẹn dànù, epo tó sì ń mu kì í ṣe kékeré! Nígbà tó yá ni wọ́n tún ibi tí epo ti ń jó nínú J79 ṣe, kí epo àti atẹ́gùn lè pò dáadáa, èéfín wá dín kù gan-an.

Tẹ́ ẹ bá tún lọ wò wọ́n, ẹ ní kó máa ṣọ́ ìgbà tí èéfín máa dáwọ́ dúró. Gẹ́lẹ́ ni yóò gé, bàálù á sì máa bá eré ẹ̀ lọ, torí páílọ́ọ̀tì ló pa á. Bàálù tó bá ń jóná ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.