Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn bàbá nínú fótò Bọ́mà

Ẹ kú ìbéèrè o. Fótò tí ẹ fi hàn wá yìí, níbi tí bàbá tó bí bàbá yín ti dúró ti ọkọ̀ ajagbé kan, tí ẹnì kan sì fi gègé kọ "Burma 1944" sí ẹ̀yìn rẹ̀, irú rẹ̀ ti gba ọwọ́ mi kọjá púpọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ẹbí ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta wo fótò àwọn bàbá wọn tó lọ sógun Hítílà. Nínú gbogbo rẹ̀, mo rí i pé ọkọ̀ tó wà nínú fótò máa ń sọ òótọ́ ju ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn fótò lọ. Àwọn kan ti dá yín lóhùn pé Bedford ni. Kì í ṣe Bedford, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Gíláàsì iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òkè rẹ̀ yọ síwájú ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, bí ẹni tó tẹ orí wo ilẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí oòrùn má baà kọ mànà lára gíláàsì kí ọkọ̀ òfúrufú ọ̀tá sì rí i látòkè. Imú ọkọ̀ náà kúrú, iwájú rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọkọ̀ Kánádà nìyẹn, èyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní CMP (Canadian Military Pattern). Ford ní Windsor àti General Motors ní Oshawa, ní ìpínlẹ̀ Ontario, ni wọ́n jọ ṣe é lórí àwòrán kan náà fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn. Ọkọ̀ ogun tí Kánádà ṣe nígbà náà lé ní 800,000, CMP yìí ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Oríṣi orí mẹ́ta, ìyẹn ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, ni wọ́n fi ṣe é ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé: nọ́mbà 11, nọ́mbà 12, àti nọ́mbà 13. Gíláàsì àwọn méjì àkọ́kọ́ dúró ṣánṣán. Nọ́mbà 13 nìkan ló tẹ̀ síwájú báyìí, kò sì tíì jáde kí ọdún 1941 tó ń parí lọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìgbà tí àwọn sójà Nàìjíríà ń jà ní Itiópíà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1941 ni wọ́n ya fótò yìí, ẹ má gbà.

Bóyá Ford ló ṣe é tàbí Chevrolet, ìyẹn ti General Motors, àwọ̀n irin tó wà níwájú rédíétọ̀ ni yóò sọ fún yín. Ti Ford, ihò rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin tó jókòó dáadáa. Ti Chevrolet, ihò náà dojú kọ ẹ̀gbẹ́, igun rẹ̀ kan wà lókè, kan wà nísàlẹ̀. Mo fẹ fótò yín lójú, mo wo apá òsì níbi tí ẹsẹ̀ bàbá kò ti bo àwọ̀n náà, igun wà lókè. Chevrolet ni. Ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́fà tó tò tẹ̀léra ló wà níbẹ̀. V8, onípísítìnì mẹ́jọ, ni ti Ford.

Bedford tí wọ́n ń pè é yẹn, ọ̀tọ̀ ni ojú rẹ̀. Ìlú Luton ni wọ́n ti ṣe é. Èyí tí wọ́n ń pè ní QL, tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, gíláàsì rẹ̀ dúró gbọnrangandan, awakọ̀ sì jókòó sórí ẹ́ńjìnnì. OY ní tirẹ̀ ní bọ́nẹ́ẹ̀tì gígùn tó dagẹ̀rẹ̀ lọ síwájú. Orúkọ Bedford ni àwa ní ilé mọ̀ nítorí bólẹ́kájà, ìdí nìyẹn tí gbogbo lọ́rì àtijọ́ fi ń di Bedford lẹ́nu àwọn èèyàn wa.

Ẹ tún ka táyà ẹ̀yìn. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Kánádà, táyà kan ṣoṣo ló máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí áàsì ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀pá irin tó gbé táyà dúró. Bí ẹ bá rí méjì-méjì lórí áàsì méjì, tí gbogbo táyà rẹ̀ wá jẹ́ mẹ́wàá, Amẹ́ríkà ni ẹ ń wò yẹn, GMC ló sì sábà máa ń jẹ́. Irú wọn ló pọ̀ lójú ọ̀nà Ledo tí àwọn Amẹ́ríkà là láti Assam ní Índíà wọ Bọ́mà. Táyà kì í jẹ́ kí èèyàn ṣìnà, nítorí sójà lè kun ọkọ̀, ó lè yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ sọnù, ó lè fi tapólì bò ó látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yí áàsì padà nínú igbó.

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bí a ṣe ń dá jíìpù ogun mọ̀ nínú fótò, tiyín rọrùn. Ẹ ka ojú ihò tó wà níwájú rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni ti ogun. Bí ó bá jẹ́ méje, tí iná iwájú rẹ̀ sì tóbi, èyí tí Willys, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ṣe fún aráàlú láti 1945 ni, kì í ṣe ti ojú ogun. Bí ẹ kò bá rí irin tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, tó jẹ́ pé ọ̀pá irin pẹlẹbẹ ni wọ́n jó pọ̀, Willys ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni, tí wọ́n ṣe títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1942, irú rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n nínú fótò àwọn èèyàn wa. Ford náà ṣe jíìpù lórí àwòrán kan náà. Ní abẹ́ rédíétọ̀, irin tó so ẹ̀gbẹ́ ṣáásí méjèèjì pọ̀ ńkọ́? Bí ó bá rí roboto bíi páìpù, Willys ni. Bí ó bá ní igun, Ford ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá nọ́mbà funfun ara bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ lára ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìtumọ̀: L fún lọ́rì, Z fún ọkọ̀ ẹrù kékeré, M fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, A fún ańbúláǹsì, C fún alùpùpù, H fún èyí tó ń fa àgbá, ìyẹn ìbọn ńlá. Tiyín fi L hàn kedere, ìyẹn bá ara mu. Lẹ́tà àti nọ́mbà yìí ni mo sì fi ń mọ̀ bóyá wọ́n yí fótò sódì nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, ẹ wo bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì sójà: apá òsì ló yẹ kó bo apá ọ̀tún. Ẹ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó sọ pé sítíárì wà lọ́tùn-ún tàbí lósì, nítorí mo ti rí àríyànjiyàn ńlá lórí ọkọ̀ tó jẹ́ pé fótò rẹ̀ ni wọ́n yí.

Ní ti àmì tó wà lára báńpà, ẹ ní ẹ kò rí nǹkan kan àfi róbótó dúdú. Ẹ farabalẹ̀ síbẹ̀. Àmì Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan, ni aláǹtakùn dúdú lórí róbótó yẹ́lò, Ànáǹsí inú àlọ́ àwọn ará Gold Coast. Oríṣi fíìmù kan wà láyé ìgbà náà tí kì í rí àwọ̀ pupa rárá, tí yẹ́lò náà sì máa ń ṣókùnkùn nínú rẹ̀, tí aláǹtakùn dúdú á fi rì sínú róbótó náà. Ẹ fi síkánà yà á, kí ẹ tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè ní ibi kékeré yẹn nìkan, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ. Dífíṣọ̀n 82 ní tirẹ̀ lo ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká aláàárù kọjá. Bí ẹ bá sì rí ibi tí wọ́n fi nǹkan ha, sẹ́ńsọ̀ ogun, ìyẹn àwọn tó ń yẹ lẹ́tà àti fótò sójà wò, ló ha á, kí ọ̀tá má baà mọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà níbẹ̀.

Bí aláǹtakùn bá yọ, a tún ní láti bi ara wa ní ìbéèrè mìíràn. Ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, láti ìparí 1943 wọ 1944, ẹsẹ̀ ni Dífíṣọ̀n 81 fi rìn. Àwọn aláàárù ló ru ẹrù, ọkọ̀ òfúrufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀nà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn là gba orí òkè wọbẹ̀, tí wọ́n pè ní West African Way, nǹkan bíi máìlì 75 ni, jíìpù ni wọ́n sì là á fún. Lọ́rì tọ́ọ̀nù mẹ́ta bíi tiyín yìí kò ní ibi tó máa gbà débẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́ àti ilé onípáànù tó wà lẹ́yìn bàbá jẹ́ kí n rò pé Índíà ni, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ní 1943 tàbí níbi tí wọ́n padà sí. Ìyẹn kò sọ pé bàbá kò lọ sí Bọ́mà. Àwọn sójà a máa pe gbogbo ìrìn-àjò náà ní Bọ́mà, láti ìgbà tí wọ́n ti wọkọ̀ ojú omi títí wọ́n fi padà sílé.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun tí ojú mi ti rí. Ẹbí kan gbé fótò bàbá wọn kọ́ ara ògiri pálọ̀, wọ́n kọ "Bàbá ní Bọ́mà" sábẹ́ rẹ̀. Land Rover ló wà lẹ́yìn bàbá. Land Rover kò sì sí láyé títí di 1948. Nígbà tí mo sọ ọ́, àkọ́bí dìde, inú bí i gan-an, ó ní ṣé mò ń pe bàbá òun lónírọ́ ni. Ìyá àgbà ni kò bínú. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé àpótí kan jáde, fìlà àti báàjì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé owó oṣù sójà. Bàbá lọ sí Bọ́mà lóòótọ́. Ó padà, ó dúró sẹ́nu iṣẹ́ ológun, ó sì bá àwọn sójà Nàìjíríà lọ sí Kóńgò lẹ́yìn 1960. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin yẹn lọ sójú ogun, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì gbọ́ nípa ìkejì rí.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fótò yín kúrò nínú férémù, ẹ má fi fóònù yà á láti orí gíláàsì. Ẹ ya iwájú, kí ẹ ya ẹ̀yìn pẹ̀lú, nítorí mo rí i pé nǹkan aláwọ̀ àlùkò kan yọ díẹ̀ ní igun rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òǹtẹ̀ ilé fótò ni, orúkọ ìlú lè wà nínú rẹ̀. Kí ẹ sì bi àwọn àgbà ilé bóyá ìwé owó oṣù bàbá ṣì wà, nítorí nọ́mbà sójà wọn àti orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn yóò wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ká jọ wo báńpà yẹn.