Ìyá Tíṣà Dáhùn: "Wọ́n ní ọmọ mi pa iléèwé jẹ nígbà 32"

Lẹ́tà mẹ́ta la mú lọ́tẹ̀ yìí. Ti àkọ́kọ́ gùn gan-an, mo ti gé e kù díẹ̀, kí ìyá tó kọ ọ́ má bínú sí mi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Tíṣà. Ata àti tòmátò ni mò ń tà ní Bódìjà, ọmọ mi obìnrin wà ní JSS2 níléèwé ìjọba kan níbí n'Íbàdàn. Gbogbo Tọ́sìdeè ni ọkọ̀ tó ń kó ọjà wá fún mi láti òkè Ọya máa ń dé, èmi nìkan ò lè já ẹrù kí n tún máa tajà, torí ẹ̀ ló ṣe máa ń dúró tì mí lọ́jọ́ yẹn. Ibà náà mú un lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà nílé. Nígbà tí rìsọ́ọ̀tì táàmù àkọ́kọ́ dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iléèwé ṣí nígbà 120, ọmọ mi wá nígbà 88, kò wá nígbà 32. Irọ́ ni o! Mo kà á lórí kàlẹ́ńdà, ọjọ́ 16 péré ni. Prínsípà wá ní tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ ní táàmù kejì, òun ò ní jẹ́ kó jókòó ṣèdánwò. Ṣé wọn ò kórìíra ọmọ mi báyìí?
Ìyá Aláta, Bódìjà

ÌDÁHÙN: Ìyá Aláta, ẹ kú ọjà o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ irọ́ yẹn ná. Ẹ̀yin jàre, iléèwé náà jàre. Rẹ́jísítà ò kì í ka ọjọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni tíṣà kíláàsì máa ń máàkì ẹ̀ lójúmọ́, àárọ̀ kan ọ̀sán kan, ọmọ tí ò bá wá lọ́jọ́ kan ti pa méjì jẹ nìyẹn. Ọjọ́ 16 tiyín ni 32 tiwọn, ọjọ́ 60 tí iléèwé fi ṣí ni wọ́n kọ ní 120. Ó pẹ́ tí mo ti ń máàkì rẹ́jísítà kí n tó fẹ̀yìn tì, iye òbí tó ti bá mi jà lórí nọ́ńbà yìí ò lóǹkà, ìyá kan tiẹ̀ yọ kàlẹ́ńdà lára ògiri, ó gbé e wá bá mi ní kíláàsì, ìṣó ṣì wà lára ẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ iléèwé ló ń lo ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, òun náà ni àwọn yunifásítì wa ń lò kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ wọ yàrá ìdánwò. Nínú 120, ìgbà 90 nìyẹn, ọjọ́ 45. Ọmọ yín wá fún ọjọ́ 44. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi kù! Ká ní ibà yẹn nìkan ni, ọjọ́ 56 ni ì bá wá nínú 60, ẹnikẹ́ni ò ní pè yín. Tọ́sìdeè ló jẹ ẹ́, kì í ṣe ibà.

Àmọ́ kì í ṣe prínsípà ló ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ o. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó mú táìmtébù ẹ̀ wá, kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní Tọ́sìdeè. Ọmọ tí àìsàn dá dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, díẹ̀díẹ̀ ló pàdánù nínú gbogbo iṣẹ́, á dà nóòtì kọ, á sì bá wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń pa ọjọ́ kan náà jẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ kan náà ló ń pàdánù látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá jẹ́ Tọ́sìdeè ni wọ́n ń ṣe Máàsì onípíríọ́dù méjì tàbí tí wọ́n ń wọ lábù, a jẹ́ pé ìgbà 12 ni wọ́n ṣe é tí kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ ó wá máa sọ pé ọmọ yìí ò mọ Máàsì. Níbo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?

Mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ pa ọjà tì, owó ọjà yẹn náà ló ń ra ìwé fún un. Ẹ wá alábàárù kan tí ẹ ó máa san owó fún ní Tọ́sìdeè nìkan, tàbí kí ẹ̀yin àti aládùúgbò ìsọ̀ yín jọ máa bá ara yín já ẹrù, ọmọ á wá bá yín tí wọ́n bá ti jáde níléèwé, Sátidé sì wà níbẹ̀ tó le fi ràn yín lọ́wọ́ látàárọ̀. Tó bá wá di kàráǹgídá tí kò sọ́nà míì, kó já ẹrù tán kó lọ, kó bá máàkì ọ̀sán. Kò dáa tó, àmọ́ ó sàn ju kó má lọ rárá.

Ti ibà yẹn, ṣé ẹ kọ lẹ́tà? Ó dá mi lójú pé ẹ ò kọ. Òbí n'Íbàdàn á dúró dìgbà tí ọmọ bá gbádùn tán kó tó rántí tíṣà. Ọjọ́ tí ara ẹ̀ ò bá yá náà ni kẹ́ ẹ pe tíṣà kíláàsì tàbí kẹ́ ẹ fi wọ́ṣáàpù ránṣẹ́, tó bá padà kó mú ìwé dání: orúkọ ẹ̀, kíláàsì, ọjọ́ tí kò wá, ohun tó ṣe é, nọ́ńbà yín, pẹ̀lú ìwé ọsibítù tó bá wà. Kò ní sọ ọ́ di ẹni tó wá, ṣùgbọ́n wọ́n á mọ ohun tó dá a dúró, wọ́n á sì lè ṣe tẹ́ẹ̀sì tó fò fún un.

Èyí tó kù ni òfin, mi ò fẹ́ fi dẹ́rù bà yín. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 sọ pé dandan ni kí òbí rán ọmọ níléèwé títí á fi parí JSS3. Tí ilé ẹjọ́ bá dá òbí lẹ́bi nígbà àkọ́kọ́, wọ́n á bá a wí, ìgbà kejì di 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan tàbí méjèèjì pọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín 2,000 yẹn, èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ wo iye tí apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan jẹ́ lónìí. Ẹ̀wọ̀n ni mi ò rẹ́rìn-ín sí.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, SS1, máa ń wọ yúnífọ́ọ̀mù jáde láràárọ̀, mo wá gbọ́ pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò ti rí i níléèwé. Mo nà án dáadáa, kò sọ nǹkan kan títí dòní. Kí ni kí n ṣe?
Bàbá kan l'Ápáta

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹgba yẹn ló tì í lẹ́nu pa. Ọmọ tó bá jáde nílé tí kò dé kíláàsì, ohun kan ló ń sá fún, ilé gémù tàbí ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀tì tó lọ jókòó sí, ibi tó sá sí lásán ni. Ó lè jẹ́ àwọn síníọ̀ ló ń gba owó oúnjẹ ẹ̀, ó lè jẹ́ tíṣà kan tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó lè jẹ́ owó kan tí ẹ̀yin ò tíì san tí wọ́n ń lé e jáde torí ẹ̀ tó ń tijú àtisọ fún yín. Mo ti rí ọmọ tó jẹ́ bàtà ló lé e sílé. Ẹ mú un jókòó, kẹ́ ẹ bi í bí ẹni ń bi àgbà, tí kò bá dá yín lóhùn ẹ jẹ́ kí ìyá ẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n tó gbọ́ràn sí lẹ́nu bá a sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ̀yin àti òun jọ lọ rí tíṣà kíláàsì, ẹ bi í pé iṣẹ́ wo lọmọ yìí ò kì í fẹ́ jókòó sí, ẹ lọ rí olùgbani-nímọ̀ràn tí wọ́n bá ní. Kí tíṣà máa fi ọwọ́ sí ìwé pélébé kan fún un lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó máa mú un bọ̀ wálé. Ẹ yára o, torí iléèwé máa ń fi máàkì CA, ìyẹn máàkì tẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ kíláàsì, ránṣẹ́ sí WAEC, ti SS1 sì wà níbẹ̀, ọmọ tí kò sí ní kíláàsì ò ní CA.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Tíṣà, ìtòsí Ọjà'ba là ń gbé. Lọ́jọ́ tí egúngún Olóòlú bá jáde, ṣé kí ọmọbìnrin mi lọ síléèwé?
Ìyá Ọlọ́mọge

ÌDÁHÙN: Gbogbo Ìbàdàn ló mọ̀ pé obìnrin ò gbọdọ̀ rí Olóòlú, kò sí tíṣà tí ìyẹn máa ṣàjèjì sí, àwọn tíṣà obìnrin gan-an ń wo ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ pe iléèwé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á ṣí. Tí wọ́n bá ṣí tí ọ̀nà míì wà, kó gba ibẹ̀, kódà kó pẹ́. Tí kò bá sí, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó dá a dúró gan-an sínú lẹ́tà. Ẹ má kọ ibà o. Tíṣà náà gbọ́ ìlù.