Bó bá fúnra rẹ̀ buwọ́ lùwé ńkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò mi obìnrin, ẹni ọdún 23, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kùwéètì padà sí Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ níbí. Iṣẹ́ ilé ìtajà ni wọ́n ní ó ń lọ ṣe, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló bá níbẹ̀. Wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ lówó oṣù. Mo ń wá ibi tí wọ́n ti lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ní òun fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lùwé, pé kò sẹ́ni tí yóò dá a lóhùn. Ọkùnrin kan ní kí a mú 40,000 fráǹkì wá kí òun bá a forúkọ sílẹ̀. Kí ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má fún ọkùnrin yẹn ní fráǹkì kan. Wọn kì í ta ìrànlọ́wọ́ tí ẹ ń wá. Ẹni tó bá ń tà á, ọlọ́pàá ló yẹ kí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé ló sú mi jù, nítorí mo ń gbọ́ ọ lemọ́lemọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìwé wo ló buwọ́ lù? Iṣẹ́ kan ni wọ́n kà sí i létí, òmíràn ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ nígbà tó débẹ̀. Àdéhùn Palermo lórí fífi ènìyàn ṣòwò, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọdún 2000, tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ náà tẹ́wọ́ gbà, sọ ọ́ gbangba pé bí wọ́n bá lo ẹ̀tàn, ipá tàbí ìhalẹ̀ láti mú ènìyàn lọ síbi tí wọn yóò ti rẹ́ ẹ jẹ, gbígbà tí ẹni náà gbà kò já mọ́ nǹkan kan. Ní ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, a kì í tilẹ̀ béèrè bóyá wọ́n tàn án. Òfin Kùwéètì fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé ní ọdún 2015, kò gbà kí ọ̀gá gba pásípọ́ọ̀tù òṣìṣẹ́ pamọ́ láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà fọwọ́ sí i.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe àwọn ará ilé yín ti wá. Òfin wa ní Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 2006 lórí fífi ènìyàn ṣòwò, ọmọdé nìkan ló sọ̀rọ̀ lé lórí, irú àwọn tí wọ́n ń kó lọ fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti ọdún 2018 ló wá ka àgbàlagbà mọ́ ọn.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Guichet Unique de Protection Sociale, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran aláìní lọ́wọ́, tó wà ní kọ̀múùnù yín, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní sáńtà sosiáàlì. Ẹ ní kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní yàrá tó tilẹ̀kùn. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti fi í mọ dókítà, àti OCPM, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ẹbí àti fífi ènìyàn ṣòwò. Ẹ béèrè nípa OIM pẹ̀lú, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó padà wálé ni ètò rẹ̀ ń kàn. N kò ní tàn yín: ilé ààbò tó wà fún ọmọdé pọ̀ ju ti àgbàlagbà lọ, ó sì lè gba pé kí ẹ padà lọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ má jẹ́ kí ó pa ohùn tí ẹni tó mú un lọ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp rẹ́, kódà bí èébú ló kún inú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ìwé àdéhùn àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ sì fi wọ́n pamọ́ sórí fóònù mìíràn. Ẹ má pe ẹni náà láti lọ bá a jà. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ẹ̀rí pé owó oṣù náà yóò padà.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má pe ìpàdé ẹbí kí ó wá tún ìtàn náà sọ níwájú àwọn tó ti dá a lẹ́bi. Ó lè gba ìtọ́jú láìtíì pinnu bóyá yóò pe ẹjọ́; ìpinnu yẹn, òun nìkan ló ni í.