Èèyàn 20, Ogun Ńlá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ ya fíìmù kúkurú nípa bí wọ́n ṣe kó ọmọ ogun kúrò lójú ìjà, àmọ́ èèyàn 20 péré la ní. Kí la lè ṣe? (Òǹkàwé, Ìkéré-Èkìtì)

Ìdáhùn: Iye èèyàn kọ́ ni ìṣòro yín. Nínú Dunkirk, fíìmù ogun tí Christopher Nolan ṣe ní 2017, páálí tí wọ́n gé bíi sójà wà láàárín èrò ẹ̀yìn. Ẹ gé tiyín, ẹ kùn ún láwọ̀ ẹrẹ̀, ẹ tò ó jìnnà sí kámẹ́rà ní ẹsẹ̀ àpáta Olósùnta ní Ìkéré (ẹ gbàṣẹ láàfin ná o), kí èèyàn gidi máa rìn níwájú. Páálí kì í mira. Tẹ́ ẹ bá fi hàn pẹ́, òǹwòran á mọ̀ pé páálí ni. Ẹ fi igi tì í lẹ́yìn nítorí atẹ́gùn.

Àsìkò ló le jù. Fíìmù yẹn lọ́ ìtàn mẹ́ta pọ̀: ọ̀sẹ̀ kan létíkun, ọjọ́ kan lójú omi, wákàtí kan lófuurufú. Ó ń rúni lójú. Ìtàn méjì ti tó yín, kí kálukú ní àwọ̀ tirẹ̀.

Ọ̀tá ńkọ́? Ẹ má fi ojú rẹ̀ hàn. Ìró ìbọn, eruku tó bù sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, ó parí.