Ojú tó le lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì Búdà

Ẹnì kan béèrè pé: “Sùúrù ni ẹ̀sìn Búdà ń wàásù. Kí wá ni ère tó ranjú, tó di ẹ̀ṣẹ́, ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì wọn ní Japáànù? Àbí ẹ̀mí burúkú ni wọ́n ń bọ?”

Rárá o, ẹ̀ṣọ́ ni. Nio ni wọ́n ń pe àwọn méjì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó wà ní tẹ́ńpìlì Todai-ji nílùú Nara ga ju mítà 8 lọ. Unkei, Kaikei àtàwọn ọmọṣẹ́ wọn ló fi igi gbẹ́ wọn lọ́dún 1203. Ọ̀kan lanu, èkejì panu dé: ìró ìbẹ̀rẹ̀ àti ìró òpin ohun gbogbo ni wọ́n ní àwọn méjèèjì ń pè.

Ṣùgbọ́n Fudo Myoo, ẹ̀ṣọ́ ẹ̀sìn Búdà mìíràn tí ojú rẹ̀ le, gan-an ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìbínú yìí yé yín. Àlùfáà Kukai, tó lọ sí Ṣáínà lọ́dún 804, wà lára àwọn tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n ní Japáànù. Ìtumọ̀ Fudo ni “ẹni tí kì í yẹ̀”. Orí àpáta ló jókòó sí, iná ń jó lẹ́yìn rẹ̀, eyín rẹ̀ yọ síta. Idà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, okùn wà lósì. Ẹni tó bá rí idà yẹn á ti rò pé èèyàn ló fẹ́ bẹ́. Àìmọ̀kan àti ojúkòkòrò ni wọ́n ní ó ń gé, iná ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń jó wọn ráúráú. Okùn yẹn ni mo fẹ́ràn jù ní tèmi. Ó fi ń fa olórí kunkun padà, bí ẹni fa ewúrẹ́ tó ń wọ oko olóko.

Wọ́n gbà pé Dainichi, Búdà tó ga jù lójú ìjọ Kukai, fúnra rẹ̀ ló gbé ojú yẹn wọ̀, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ tútù kò ràn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń rá lọ sídìí iná kì í rọra pè é. Ariwo ló máa pa, àánú ló sì mú un pariwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mahakala, ẹ̀ṣọ́ ẹ̀sìn Búdà ti Tìbẹ́ẹ̀tì, tó fi agbárí ṣe adé.

Ẹ̀rù Fudo kò ba àwọn ará Japáànù rárá. Ní tẹ́ńpìlì Naritasan, nítòsí Tokyo, wọ́n máa ń kọ àdúrà sára igi, àwọn àlùfáà á sì sun ún níwájú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ pàápàá ń gbé mọ́tò wọn lọ síbẹ̀ fún àdúrà ìrìn àjò.