Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin nìkan kò tó: bí ẹ ṣe lè ṣírò ilẹ̀ tí kò dọ́gba

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ra ilẹ̀ kan, a sì ti fi tépù wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iwájú jẹ́ mítà 30, ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ 22, ẹ̀yìn jẹ́ 26, ọwọ́ òsì sì jẹ́ 18. Ẹ̀gbọ́n mi ro iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀, ó pín in sí méjì, ó rí 28. Ó ro ọ̀tún àti òsì pọ̀, ó pín in sí méjì, ó rí 20. Ó ní 28 lọ́nà 20 jẹ́ síkúéà mítà 560. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ náà ní tirẹ̀ ro ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó jẹ́ 96, ó pín in sí mẹ́rin, ó ní 24 lọ́nà 24 jẹ́ 576. Èwo ló tọ̀nà? Ẹ jọ̀ọ́, mo tún fẹ́ mọ iye tó máa jẹ́ tí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà kà á.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà náà sílẹ̀, torí òun ló jẹ́ kí n lè dá yín lóhùn tààrà. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Kódà, kò sí bí ẹ ṣe lè to ẹ̀gbẹ́ mítà 30, 22, 26 àti 18 pọ̀ tí àyè inú rẹ̀ á fi tó 560. Bó ti wù kí igun rẹ̀ rí, ibi tó lè fẹ̀ dé jù lọ ni 555.8. Nítorí náà, kí ẹ tó tún padà dé orí ilẹ̀ náà rárá, ẹ ti mọ̀ pé iye méjèèjì ti pọ̀ jù.

Ohun tó fà á nìyí. Ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, kí ẹ fi ìṣó kan ṣoṣo kan igun kọ̀ọ̀kan pọ̀ bíi férémù. Tí ẹ bá fi ọwọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, á wọ́, á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gígùn igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò yí padà, ṣùgbọ́n àyè inú rẹ̀ ń dín kù bí ẹ ṣe ń tì í. Ẹ wá fi igi karùn-ún kan án láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́: ó máa dúró gbagidi, kò sì ní lè wọ́ mọ́. Bí ilẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin nìkan kò sọ bó ṣe fẹ̀ tó, torí oríṣiríṣi ilẹ̀ ló lè ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin kan náà. Ìwọ̀n karùn-ún, láti igun dé igun, ló ń so ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n yín gbà ti pẹ́ láyé. Ó wà lára ògiri tẹ́ńpìlì òrìṣà Horus ní ìlú Edfu, ní ilẹ̀ Íjíbítì, níbi tí wọ́n kọ ìwọ̀n àwọn oko tẹ́ńpìlì náà sí ní èyí tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dúró ṣánṣán, ọ̀nà náà pé pérépéré. Bí igun bá ti tẹ̀ díẹ̀, iye tó máa mú wá á ju iye gidi lọ. Kì í dín in kù láé. Ẹ kíyè sí ibi tí èyí já sí: ẹni tó ń rà ló máa ń pàdánù. Nínú iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n tí mò ń ṣe, òun ni àṣìṣe tó ń dùn mí jù, torí àwọn tó ń ṣe é máa ń rò pé àwọn ti fara balẹ̀ ṣírò.

Ti ẹni tó ń tà á tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó gùn ní mítà 40, tó sì fẹ̀ ní mítà 8, àpapọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 96 bíi ti tiyín, ṣùgbọ́n 320 péré ni síkúéà mítà rẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ á pe ìyẹn náà ní 576.

Ó yá, ẹ mú tépù padà lọ. Ẹ pe igun iwájú ní apá òsì ní A, iwájú ní apá ọ̀tún ní B, ẹ̀yìn ní apá ọ̀tún ní C, ẹ̀yìn ní apá òsì ní D. Ẹ ta okùn láti A dé C, kí ó le dáadáa, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ bá mítà 28. Okùn yẹn ti gé ilẹ̀ náà sí onígun mẹ́ta méjì: ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ 30, 22 àti 28, èkejì ní 26, 18 àti 28.

Onígun mẹ́ta kì í wọ́, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó láti fi mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ìlànà tí a fi ń ṣe é ni wọ́n fi orúkọ Heron ará Alexandria, onímọ̀ ìṣirò kan láyé àtijọ́, pè. Ẹ ro ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta pọ̀, kí ẹ mú ìdajì rẹ̀. Fún ti àkọ́kọ́, 30 àti 22 àti 28 jẹ́ 80, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 40. Ẹ yọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 40 yẹn: ó ku 10, 18 àti 12. Ẹ wá ṣe 40 lọ́nà 10 lọ́nà 18 lọ́nà 12, ó jẹ́ 86,400. Ẹ tẹ àmì √ lórí ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín, ẹ máa rí 293.9. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 72, ìdajì jẹ́ 36, ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ 10, 18 àti 8, ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 51,840, √ rẹ̀ sì jẹ́ 227.7. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: síkúéà mítà 521.6.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ti ẹ̀gbọ́n yín jẹ́ 38.4. Yàrá tó gùn ní mítà 6, tó sì fẹ̀ ní mítà 6, kò ju 36 lọ. Ẹ fẹ́ sanwó yàrá ńlá kan tí kò sí lórí ilẹ̀ náà nìyẹn. Ti ẹni tó ń tà á fi 54.4 ju iye gidi lọ.

Bí ẹ kò bá fẹ́ràn √, ọ̀nà mìíràn wà tí okùn àti tépù nìkan tó fún. Ẹ má tíì tú okùn AC. Kí ẹnì kan di orí tépù mú ní B, kí ẹnì kejì fa tépù náà dé ara okùn, kó máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn síwá sẹ́yìn. Ibì kan wà tí tépù ti máa kúrú jù lọ, níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀ á tún máa gùn sí i. Ibẹ̀ ni tépù ti dúró ṣánṣán sí okùn. Lórí ilẹ̀ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, ẹ máa ka mítà 21. Ìdajì 28 lọ́nà 21 jẹ́ 294. Ẹ ṣe bákan náà láti D, ẹ máa rí nǹkan bíi 16.26, ìdajì 28 lọ́nà 16.26 sì jẹ́ 227.6. Ibi kan náà ni wọ́n já sí. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún ẹni tí kò bá lo ìṣirò lójoojúmọ́, torí ojú yín ló ń rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún wọn B sí D pẹ̀lú. Lórí ilẹ̀ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, bí ìwọ̀n márùn-ún àkọ́kọ́ bá pé, ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 39.7. Bó bá yàtọ̀ gan-an, ẹ ti ka nọ́ńbà kan ṣì, tàbí ẹ̀gbẹ́ kan ò lọ tààrà, ẹ má tíì ṣírò ohunkóhun. Mi ò lè tẹnu mọ́ èyí tó. Tépù tó rọ̀ sílẹ̀ láàárín, tàbí tó yípo igi kan, tó wá sọ 28 di 28.5, á sọ 521.6 di 526.7. Ìdajì mítà péré ló fi síkúéà mítà márùn-ún kún un.

Tí ilẹ̀ náà bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má wọ̀n ọ́n bí ilẹ̀ ṣe lọ. Ẹ gbé tépù dúró gbọọrọ bí omi inú àwo, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mítà 30 lójú ilẹ̀ tí orí kan fi mítà 6 ga ju èkejì lọ, 29.4 péré ló jẹ́ nígbà tí a bá wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ.

Ní ti ẹsẹ̀ bàtà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú. Mítà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3.28, ni wọ́n á bá sọ 521.6 di ìlọ́po 3.28, wọ́n á ní 1,711. Ṣùgbọ́n síkúéà mítà kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3.28, ó sì tún fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3.28, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni ìlọ́po náà gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́: 3.28 lọ́nà 3.28 jẹ́ nǹkan bíi 10.76. Ilẹ̀ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yìí jẹ́ nǹkan bíi síkúéà ẹsẹ̀ bàtà 5,614.

Mítà 28 tí mo lò fún AC, èmi ni mo fojú inú wò ó. Ẹ wọn tiyín, kí ẹ fi nọ́ńbà náà sípò rẹ̀, ìgbésẹ̀ tó kù kò yí padà. Bí ẹ bá sì débẹ̀ tí ẹ rí i pé igun ilẹ̀ náà jẹ́ márùn-ún, ẹ ta okùn méjì láti igun kan ṣoṣo, yóò di onígun mẹ́ta mẹ́ta, ẹ ó sì ṣírò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.