Ẹ bi Bàbá Olùkọ́: Òkúta tó nàró lásán ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, ní kíláàsì àwọn fẹ́ lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀, àlọ àtàbọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bàbá rẹ̀ ní òkúta tó nàró lásán ni, pé bó bá jẹ́ òkúta ló fẹ́ wò, kó lọ wo àwọn òkè àpáta Ṣábẹ̀ẹ́. Kí lẹ rí sí i?
Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

ÌDÁHÙN: Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Ti ọjọ́ kan yẹn ni n kò fọwọ́ sí.

Mo kó àwọn ọmọ lọ rí nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni. A gbéra kí àkùkọ tó kọ, a gba Ìlárá kí a lè já sí Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà. Ọmọ Kétu kan náà ni àwa àti ará Ìmẹ̀kọ, mo rò pé a ó kọjá wẹ́rẹ́. Àṣé ọmọ kan ti gbàgbé ìwé àṣẹ òbí rẹ̀ sílé. Ẹnubodè la wà títí oòrùn fi mú. Nígbà tí a fi máa la Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kọjá dé Ifẹ̀, aago 4 ti lù. Ogún ìṣẹ́jú péré ni dírẹ́bà fún wa. Ọmọkùnrin kan nàka sí ìṣó kan lára ọ̀pá náà, ó ní, "Bàbá, báwo ni irin ṣe wọnú òkúta?" Mo ní kó wọkọ̀. Ó dùn mí títí dòní.

Ìbéèrè ọmọ yẹn ni kí ẹ fi dá ọkọ yín lóhùn. Ọlọ́run ló dá òkè Ṣábẹ̀ẹ́, ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Òkúta akọ ni, ó ga tó nǹkan bíi mítà 5 ààbọ̀, ìṣó irin tó lé ní 100 ló tò sí i lára. Ẹni tó bá sì kan ìṣó mọ́ òkúta akọ bẹ́ẹ̀ lásán, ìṣó ni yóò ká. Ihò ni wọ́n ní láti kọ́kọ́ lu, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí irin tó wọlé. Ẹ wo sùúrù ẹni tó ṣe é!

Ìtàn rẹ̀ nìkan ni mo ráyè sọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní Ọ̀rànmíyàn wọlẹ̀, ó ní kí wọ́n pe òun bí ogun bá dé. Lọ́jọ́ ọdún kan, àwọn tó ti mutí yó pè é láìsí ogun. Ó yọ tidàtidà, ó ṣá àwọn ènìyàn balẹ̀ kó tó mọ̀ pé ará ilé òun ni. Ó gún ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó lọ, kò sì padà mọ́. Àwọn ọmọ tó ti ń pariwo láti Ìbàdàn dákẹ́ lọ gbári.

Ẹ bá àwọn olùkọ́ sọ ọ́ kí wọ́n sùn sí Ifẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé àṣẹ méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ olùkọ́. Bí sísùn kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fi Ifẹ̀ sí àkókò ìsinmi, kí wọ́n lo ọjọ́ kan yẹn ní Àkàbà Idẹ́nà, ẹnu ọ̀nà ìlú àtijọ́ tiwa níbí, kí wọ́n gbọ́ bí ogun Dànhọmẹ̀ ṣe fọ́ Kétu ní 1886.

Kí Àbẹ̀kẹ́ mú lẹ́ẹ̀dì dání. Kó ka àwọn ìṣó náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó kọ iye tó bá kà ránṣẹ́ sí mi.